Ẹ Má Ra Fóònù Tuntun: Ibi Tí Kóòdù Ń Wọlé Sí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣọ́

Ìyá kan tó ń ta òfì ló kọ ìbéèrè yìí sí mi: "Òfì ni mo ń tà ní Ìlọrin, orí WhatsApp àti Facebook ni mo sì ti ń bá àwọn oníbàárà mi ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun dúnàádúrà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan pè mí, ó ní òun ń to orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù wa, pé kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi fún òun. Mo kà á. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gba WhatsApp mi, wọ́n sì ti fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ oníbàárà méjì. Mo ti gba àkáǹtì náà padà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé kí n ra fóònù mìíràn ni, àbí kí n yí nọ́ńbà padà? Íméèlì Yahoo mi ti pẹ́ gan-an, Gmail tó wà lórí fóònù mi sì rèé, ẹni tó ta fóònù fún mi ló bá mi ṣí i. Ọmọ mi ní kí n máa yí páásíwọ́ọ̀dù padà lóṣooṣù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má ra fóònù mìíràn, ẹ má sì yí nọ́ńbà padà. Fóònù yín kò lábùkù: ẹnikẹ́ni kò já wọ inú rẹ̀, kóòdù tí wọ́n gbà lẹ́nu yín ni wọ́n lò. Ní ti nọ́ńbà, òun ni gbogbo àkáǹtì yín so mọ́, bí ẹ bá sì jù ú nù láìtú àwọn ohun tó so mọ́ ọn, ẹlòmíràn ni yóò jogún wọn, gẹ́gẹ́ bí n óò ti ṣàlàyé láìpẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àkáǹtì orí ayélujára ló ní ọ̀nà tí ó fi ń gba ẹni tó ni ín padà wọlé nígbà tí ó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Kóòdù ni yóò fi ránṣẹ́, ibi méjì ni kóòdù náà sì sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín: yálà orí síìmù yín tàbí inú íméèlì yín. Ẹni tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò nílò kí ó mọ páásíwọ́ọ̀dù kankan. Yóò kàn sọ fún Facebook tàbí iléeṣẹ́ mìíràn pé òun ti gbàgbé, kóòdù yóò wọlé wá bá a, yóò sì yan páásíwọ́ọ̀dù tuntun tí ẹ̀yin fúnra yín kò ní mọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lóṣooṣù kò sí níwájú rárá. Síìmù àti íméèlì ló wà níwájú, àti ẹnu yín tó ń ka kóòdù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí gbájúẹ̀ náà ń bá yín sọ̀rọ̀, fóònù kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti gbé WhatsApp sí, ó sì ti tẹ nọ́ńbà yín sí i bí ẹni pé òun ló ni ín. WhatsApp kò rí ojú ẹni tó wà nídìí fóònù. Ohun tí ó gbára lé ni pé ẹni tó ni nọ́ńbà ni àtẹ̀jíṣẹ́ yóò bá lọ́wọ́. Ó wá fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín: nọ́ńbà mẹ́ta, ìlà kékeré kan láàárín, nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn, àti gbólóhùn kúkúrú kan lábẹ́ rẹ̀ tó ní kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù náà. Bí ẹ kò bá tíì pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ ṣí i wò, ẹ óò rí gbólóhùn yẹn níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó sì ń kánjú sọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí kì í jẹ́ kí ó ráyè kà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń pe ènìyàn dípò kí wọ́n kọ̀wé. Kì í ṣe pé ẹ gọ̀, ìyá wa. Àwọn tó ka ìwé dé yunifásítì ti ka kóòdù yìí fún wọn rí, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ẹgbẹ́ àsàlátù yín náà kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó bá ti gba àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò rí gbogbo ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún wà nínú rẹ̀, yóò sì rí nọ́ńbà gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ kó sí wọn lọ́wọ́ ṣáájú yín. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ràn láti inú àsàlátù bọ́ sí ẹgbẹ́ alájọ, láti ẹgbẹ́ alájọ bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé jáde. Nítorí èyí, ẹ fi ohùn ara yín gba ìkìlọ̀ sílẹ̀ lórí gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ wà, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì bẹ ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe pé kí ó má fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Ìtìjú yìí ló ń jẹ́ kí àwọn ọ̀daràn rí ààyè.

Ní ti àwọn oníbàárà méjì tó fi owó ránṣẹ́, ẹ pè wọ́n lórí ìpè gidi, kì í ṣe lórí WhatsApp, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kàn sí báńkì wọn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi owó náà sí. Bí owó náà bá ṣì wà níbẹ̀, báńkì lè dá a dúró. Bí wọ́n bá ti gbé e lọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ọlọ́pàá àti EFCC, tí wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin níbí, yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìròyìn kan wà tó lè fún yín ní ìtura díẹ̀: WhatsApp kì í kó ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá ènìyàn sọ fún ẹni tó gbé nọ́ńbà yín sórí fóònù mìíràn. Orí fóònù yín ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wà, àti ẹ̀dà wọn tí ó máa ń wà lábẹ́ Gmail yín. Bí wọn kò bá wọ Gmail yín, wọn kò ka àwọn ọ̀rọ̀ yín àtẹ̀yìnwá.

Lónìí yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ sì tẹ Two-step verification. Yóò ní kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Láti ìgbà náà lọ, kóòdù tó ń wọlé sórí fóònù kò tó mọ́: ẹni tó bá fẹ́ gbé nọ́ńbà yín sí ibòmíràn gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ yàn yìí pẹ̀lú. Láti 2017 ni WhatsApp ti fún gbogbo ènìyàn ní ààbò yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi WhatsApp jẹun kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí yín tàbí ti ọmọ yín, ẹ má sì lo 123456. Yóò tún béèrè íméèlì. Ẹ má fo ibẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá gbàgbé nọ́ńbà mẹ́fà yín tí kò sì sí íméèlì níbẹ̀, ọjọ́ 7 ni ẹ óò fi dúró kí wọ́n tó gbà yín wọlé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, WhatsApp yóò bi yín ní nọ́ńbà náà kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀. Inú WhatsApp fúnra rẹ̀ ni yóò ti béèrè. Kò ní pè yín, kò sì ní rán ẹnikẹ́ni sí yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ WhatsApp, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ sì wo Linked devices. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn tí WhatsApp yín ṣí sí. Èyíkéyìí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni WhatsApp gbà láàyè pé kí ó so mọ́ fóònù kan, ẹni tó bá sì rí fóònù yín mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ìsọ̀ lè so tirẹ̀ mọ́ ọn kí ó máa ka ohun gbogbo lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Mo wá dé orí síìmù. Ìlànà àjọ NCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà gba iléeṣẹ́ fóònù láàyè láti pa síìmù tí a kò fi ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún wọn, bíi ìpè tàbí dátà, fún ọjọ́ 180. Bí ọjọ́ 180 mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni nọ́ńbà náà lè pàdánù rẹ̀, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni; kò tilẹ̀ mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n kóòdù Facebook yín yóò máa wọlé wá bá a, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yín, bí kò bá sì jẹ́ ènìyàn rere, ohun tó kù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí ẹ má yí nọ́ńbà padà. Mo mọ̀ pé síìmù àtijọ́ kì í wọ́n nílé wa, pàápàá èyí tí a rà nígbà tí a ń gbé ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán tí a sì pa tì nígbà tí a dé Ìlọrin. Ẹ kó wọn jáde. Èyí tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ wò ó bóyá ó so mọ́ báńkì, Gmail tàbí Facebook. Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ tó lè pa á tì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Síìmù tí ẹ ń lò náà nílò ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Bí olè bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín ní Ọjà Ọba, tàbí tí ẹ bá sọ ọ́ nù nígbà tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage, títì tí ẹ ti fóònù náà kò ní dá a dúró, nítorí pé yóò yọ síìmù, yóò fi sínú fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì, síìmù náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ fún un bí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún yín. Láti ibẹ̀, ó lè tẹ *565*0# kí BVN yín yọ sí i, ó lè gba kóòdù tí gbogbo àkáǹtì yín bá fi ránṣẹ́, ó sì lè máa gbìyànjú kóòdù oníràwọ̀ tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́. Ohun tó ń dènà èyí ni kí ẹ fi PIN ti síìmù fúnra rẹ̀. Nínú Settings fóònù yín, lábẹ́ ibi ààbò, ẹ óò rí SIM lock. Bí ẹ bá tan án, ìgbàkígbà tí a bá fi síìmù náà sínú fóònù mìíràn, yóò béèrè PIN kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ rọra ṣe èyí, nítorí ó ní ewu tirẹ̀. Síìmù kọ̀ọ̀kan ti ní PIN tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fi sí i láti ilé. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tó wá fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹ má máa méfò. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ènìyàn lè ṣì í tẹ̀ kí síìmù náà tó tì pa, PUK oní-nọ́ńbà 8 nìkan ni yóò sì ṣí i; bí a bá tún ṣi PUK tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, síìmù náà ti kú nìyẹn, àfi kí ẹ lọ ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù-báàkì. Nọ́ńbà 300 ni a fi ń pe iléeṣẹ́ fóònù gbogbo ní Nàìjíríà báyìí, ẹ lè ti ibẹ̀ béèrè. Nọ́ńbà yìí kan náà ni kí ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tó ń lo iléeṣẹ́ kan náà pè, bí fóònù yín bá sọnù, kí wọ́n ti síìmù náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ pe báńkì tẹ̀ lé e, kí ẹ tó máa sunkún fóònù.

Gmail ló ká mi lára jù nínú ìbéèrè yín, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbi yìí. Bí ó ṣe rí fún yín náà ló rí fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn: fóònù Android máa ń béèrè Gmail kí ó tó lè gbé áàpù sórí, ẹni tó ta fóònù sì ń kánjú, ni ó bá dá Gmail kan sílẹ̀ fún oníbàárà rẹ̀ nínú ìsọ̀, ó yan páásíwọ́ọ̀dù tó wá sí i lọ́kàn, nígbà mìíràn a sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà. Oníbàárà gba fóònù, ó lọ sílé, kò sì mọ̀ pé òun ní íméèlì. Ọpọ́n sún síwájú nígbà tí Gmail yìí bẹ̀rẹ̀ sí gbé orúkọ gbogbo oníbàárà yín, fọ́tò òfì yín, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp yín, àti páásíwọ́ọ̀dù tí fóònù ní òun yóò bá yín rántí. Ó ti wá dà bí ìṣó kan ṣoṣo tí a fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé kọ́ sí, tí ẹlòmíràn sì mọ ibi tí ìṣó náà wà. Mi ò sọ pé olè ni ọkùnrin náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí ìfọ̀kànbalẹ̀ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Ẹ ṣí Settings fóònù, ẹ tẹ Google, ẹ tẹ Manage your Google Account, kí ẹ wá tẹ Security. Ẹ wo nọ́ńbà àti íméèlì ìgbàpadà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ ti rí ẹni tí kóòdù yín ń lọ bá; ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì kọ tiyín síbẹ̀. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Your devices sí, níbi tí Google ti to gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tí Gmail náà ṣí sí lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ sì lé gbogbo èyí tí kì í ṣe tiyín jáde. Bí Google bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ẹ kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bá ẹni tó ta fóònù náà nígbà tí ó ṣì wà nítòsí, kí ó bá yín wá a, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni kí ẹ fi tẹ tuntun, kí ojú tirẹ̀ má sì sí níbẹ̀. Bí ọ̀nà gbogbo bá dí, ẹ dá Gmail tuntun sílẹ̀ fúnra yín, kí ẹ kó orúkọ àwọn oníbàárà àti ẹ̀dà WhatsApp lọ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó yọ ti àtijọ́ kúrò lórí fóònù.

Ní ojú ìwé kan náà, ẹ tan 2-Step Verification. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá mọ páásíwọ́ọ̀dù yín kò lè wọlé láìsí nǹkan kejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè jẹ́ nǹkan kejì náà, ó sì sàn ju kí ó má sí rárá. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé síìmù ṣeé jí, ẹnu sì ṣeé tàn. Áàpù Google Authenticator, tó ń mú kóòdù tuntun jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 kọ̀ọ̀kan lórí fóònù yín láìgba orí síìmù, dára jù ú lọ. Èyí tó wá wù mí jù fún ẹni tó wà nípò yín ni passkey, tí Google ti ń jẹ́ kí ènìyàn lò láti 2023: ìka tí ẹ fi ń ṣí fóònù ni ẹ óò fi wọlé, kò sì sí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀ rárá. Bí gbájúẹ̀ bá pè yín, kí ni yóò ní kí ẹ kà fún òun? Bí ó bá sì fi ìlíǹkì tó jọ ti Google ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ti Google tàn yín, passkey kò ní dáhùn níbẹ̀, nítorí ojúlé tí a dá a fún nìkan ló mọ̀.

Ẹ wọ Yahoo yín wò bóyá ó ṣì ń ṣí. Yahoo máa ń pa ohun tó wà nínú àpótí íméèlì tí a kò wọ̀ fún oṣù 12 rẹ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó ti ṣófo. Kókó ibẹ̀ ni pé kí ẹ mọ̀ bóyá òun ni ẹ fi ṣí Facebook yín nígbà náà lọ́hùn-ún. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi Gmail tí ẹ ti tún ṣe yìí rọ́pò rẹ̀ lórí Facebook. Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ lò fún Yahoo yẹn, ẹ kà á sí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀: ọdún 2013 ni wọ́n jí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lo Yahoo, nígbà tó sì di 2017, iléeṣẹ́ náà kéde pé gbogbo àkáǹtì tó wà nígbà náà ló kàn, bílíọ̀nù 3. Àwọn olè máa ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, wọn a sì fi ẹ̀rọ gbìyànjú íméèlì àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà lórí Facebook, lórí Gmail, lórí ohun gbogbo. Ìdí nìyí tí lílo páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo káàkiri fi burú ju kí páásíwọ́ọ̀dù pẹ́ lọ. Ojúlé kan tó ń jẹ́ Have I Been Pwned, tí Troy Hunt ará Australia dá sílẹ̀ ní 2013, yóò sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá íméèlì yín wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti jí; ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó.

Ọmọ yín ní èrò rere, ìmọ̀ràn tó fún yín náà sì wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀ ní àwọn ọ́fíìsì. Àmọ́ ẹni tí a bá ń fi dandan mú pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lóṣooṣù yóò máa fi 1, 2, 3 kún ìdí rẹ̀ ni, èyí kò sì tan olè jẹ. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, sọ ọ́ ní 2017 pé kí wọ́n yé fi dandan mú ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ìgbà tí ẹ̀rí bá wà pé ó ti jáde síta ni kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni èyí tó gùn, tí kò sì jọ ti ibòmíràn. Ẹ to ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bá ara wọn tan jọ, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn. Ìlọrin ni a wà, ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ Hausa, Fúlàní tàbí Núpé díẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì láti inú wọn kún ti Yorùbá. Ẹ má lo òwe, ẹ má lo oríkì. Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ Ìlọrin ni yín yóò kọ́kọ́ gbìyànjú Ìlọrin Àfọ̀njá, bí ó ti máa gbìyànjú Ìyerú Ọ̀kín fún ọmọ Ọ̀fà, lẹ́yìn náà ni yóò kàn sí orúkọ àwọn ọmọ yín tó wà lórí Facebook.

Ẹ lè kọ wọ́n sínú ìwé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò sọ fún yín pé èèwọ̀ ni, mi ò sì gbà pẹ̀lú wọn. Olè tó ń bá yín jà wà níbi tí ẹ kò mọ̀, kò lè na ọwọ́ dé inú àpótí aṣọ yín. Ìwé tó wà nílé, tí ẹ kò gbé lọ sí ìsọ̀, sàn ní ìlọ́po mẹ́wàá ju páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí ẹ kò kọ sílẹ̀ tí ẹ sì ń lò níbi gbogbo. PIN báńkì nìkan ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé náà.

Facebook kò gba àlàyé púpọ̀ mọ́, nítorí ohun kan náà ni: inú Settings, lábẹ́ Password and security, ẹ tan Two-factor authentication, ẹ wo ibi tí ó ti ṣí sí, ẹ sì yọ ohun tí kì í ṣe tiyín. Nítorí pé ẹ ní ojúlé ìtajà níbẹ̀, ẹnìkan yóò kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ kan bí ẹni pé Facebook ni, pé ojúlé yín rú òfin, pé kí ẹ tẹ ìlíǹkì kan láàárín wákàtí 24 kí wọ́n má baà tì í. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ní ti báńkì, kò sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè pé kí ẹ ka kóòdù, PIN, tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín fún òun, ì báà mọ orúkọ bàbá yín. Bí ẹ kì í bá lo kóòdù oníràwọ̀ láti fi owó ránṣẹ́, ẹ lọ sí báńkì kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí nọ́ńbà yín. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ ní kí wọ́n dín iye tó lè jáde lójúmọ́ kù sí ohun tí ọjà yín nílò gan-an.

Ìgbésẹ̀ kan ló kù, òun ni àwọn tó ti ṣe gbogbo èyí dáadáa sì máa ń gbàgbé, títí fóònù yóò fi sọnù tí wọn kò ní lè wọ Gmail ara wọn mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan 2-Step Verification, ẹ wá Backup codes níbẹ̀. Google yóò fún yín ní kóòdù 10, oní-nọ́ńbà 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ lè fi wọlé láti orí fóònù èyíkéyìí nígbà tí tiyín kò bá sí lọ́wọ́. Ẹ dà wọ́n kọ sórí ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé NIN yín sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín, èyí tí ẹ fọkàn tán jù, ni kí ó mọ ibẹ̀, kí ó má sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kóòdù kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ fa ìlà sórí èyí tí ẹ bá ti lò. Nígbà tí ó bá ku méjì, ẹ padà síbẹ̀ gba 10 mìíràn, kí ẹ sì ya ìwé ti tẹ́lẹ̀, nítorí Google kò ní gba èyíkéyìí nínú wọn mọ́.